Bí A Ṣe Ń Yan Bíléèdì Scroll Saw fún Bátànì Tó Wà Nílẹ̀

Scroll saw ni ẹ̀rọ tó ń fi bíléèdì tín-ín-rín tó ń lọ sókè sódò gé pákó tọ ìlà bátànì, ìyẹn àwòrán tí a fẹ́ gé. Kí a tó wo irú igi tí a fẹ́ gé, ibi tó há jù lọ nínú bátànì ló yẹ kí a kọ́kọ́ fojú wá, níbi tí ìlà ti ṣẹ́rí padà lójijì. Inú ojú tóóró tí bíléèdì fúnra rẹ̀ gé ló ti máa ń yí. Bó bá fẹ̀ jù, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa ha igi lára. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ á jóná, bíléèdì á tẹ̀, nígbà míì á sì ṣẹ́.

Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń dá bíléèdì mọ̀. Àwọn tín-ín-rín bẹ̀rẹ̀ láti bíi 3/0 àti 2/0 (àwọn méjèèjì kéré sí 1, 3/0 ló sì tín-ín-rín ju 2/0), àwọn tó tóbi sì ń lọ dé 12. Láti 1 lọ, bí nọ́ńbà ṣe ń gòkè ni bíléèdì ń fẹ̀ tó sì ń nípọn sí i, tí iye eyín inú ínǹṣì kan ń dín kù. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀ o, nọ́ńbà 5 ti ibì kan lè fẹ̀ díẹ̀ ju ti ibòmíràn lọ.

Pákó pẹlẹbẹ tí kò ju 1/8 ínǹṣì lọ ń fẹ́ 2/0 sí 1. Igi líle tó nípọn tó 3/4 ínǹṣì, nọ́ńbà 5 tàbí 7 ló bá a mu. Èyí tó bá sún mọ́ ínǹṣì 2, 9 tàbí 12 ni kí a gbé sí i. Ó kéré tán, kí eyín mẹ́ta máa wà nínú igi lẹ́ẹ̀kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bíléèdì á máa fa pákó fò sókè.

Wàhálà dé nígbà tí bátànì bá há tí igi sì nípọn. Àwọn kan á fi bíléèdì tó tín-ín-rín jù lọ sí i, wọ́n á ní iṣẹ́ á fi mọ́. Bíléèdì bẹ́ẹ̀ kì í rìn tààrà lórí ìlà gígùn, àárín rẹ̀ á tún máa tẹ̀ nínú igi, ojú òkè á gún, ti ìsàlẹ̀ á wọ́. Èyí tó tóbi jù lọ tí kọ̀rọ̀ bátànì ṣì lè gbà ni kí a lò. Bí kò bá sí èyí tó ṣeé lò, kí a la kọ̀rọ̀ náà sí i díẹ̀ tàbí kí a wá pákó tó fẹ́lẹ́.

Eyín náà ní irú tirẹ̀. Skip tooth ní àlàfo láàárín eyín kan sí èkejì, èérún pákó ń ríbi jáde, ooru kì í pọ̀. Reverse tooth ní eyín mélòó kan nísàlẹ̀ tó kọjú sókè, kí ẹ̀yìn plywood má baà ya. Spiral, tí wọ́n lọ́ bí okùn, ń gé sí gbogbo ọ̀nà láìsí pé a yí igi. Ó wúlò fún pákó ńlá tí apá ẹ̀rọ kò jẹ́ kó yí, ṣùgbọ́n ojú ibi tó gé máa ń rí págunpàgun, ó sì ṣòroó fi gé ìlà tó gún.

Fún bátànì tó kún fún ihò wẹ́wẹ́, bíléèdì tí kò ní ìṣó ní ìkángun ló dára, torí ihò tí èyí tó ní ìṣó máa gbà kọjá gbọ́dọ̀ fẹ̀.

Púpọ̀ bíléèdì tún máa ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí bí wọ́n ṣe gé eyín wọn nílé iṣẹ́ fi etí mímú sílẹ̀ ní apá kan. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ọwọ́ òun ló ń gbọ̀n. Kí a dorí pákó kọ ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ ni, á sì tọ ìlà. Tó bá di pé a ń fi agbára ti igi kí ó tó gé, bíléèdì ti kú nìyẹn. Gọ́ọ̀mù inú plywood ló ń tètè pa wọ́n.