Nikon D600 àti D610: kí ló dé tí ọ̀kan nínú ìbejì yìí fi wọ́n ju èkejì lọ?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ ra kámẹ́rà tòkunbọ̀ fún iṣẹ́ òde. Ẹnì kan nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ kó mẹ́ta síwájú mi: Nikon D600, D610 àti Canon 6D. Owó D600 ló kéré jù, bẹ́ẹ̀ mi ò rí ìyàtọ̀ láàárín òun àti D610. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n sá fún un. Kí ló ṣe é?

Ìdáhùn: Àbúrò, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ò parọ́, wọn ò kàn sọ ọ́ tán ni. Nígbà tí D600 jáde ní 2012, àwọn tó rà á bẹ̀rẹ̀ sí í rí àmì dúdú tíntìntín lójú fọ́tò, pàápàá ní igun òkè lápá òsì. Eruku àti òróró ló ń ta sí sẹ́ńsọ̀ (ojú tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà), ṣọ́tà (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí, tó ń pa dé níwájú rẹ̀) sì ni wọ́n nàka sí. Ní oṣù kẹwàá 2013, D610 dé pẹ̀lú ṣọ́tà tuntun, mẹ́gápíksẹ́lì 24.3 kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Ní 2014, Nikon gbà láti pààrọ̀ ṣọ́tà D600 lọ́fẹ̀ẹ́, kódà fún ẹni tí gáráńtì rẹ̀ ti tán. Èyí tí wọ́n bá ti pààrọ̀ tiẹ̀, D610 ni lójú tèmi. Orúkọ tó ti bàjẹ́ ló jẹ́ kó o rí i lówó pọ́ọ́kú.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tí wọ́n ti tún ṣe?

Ìdáhùn: Má bi ẹni tó ń tà á! Gbé e síta, yí lẹ́ńsì sí f/22 (ihò rẹ̀ á kéré gan-an), ya ojú ọ̀run tàbí ògiri funfun, kó o wá fẹ igun òkè lápá òsì yẹn lójú. Tó o bá lo f/2.8, o ò ní rí nǹkan kan, torí ihò lẹ́ńsì fẹ̀, òjìji eruku á sì tàn ká. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kì í kúrò nínú gbọ̀ngàn, níbi tí iná ò tó tó sì ní láti ṣí ihò lẹ́ńsì gbàgà, fi lè lò ó pẹ́ láìmọ̀, àfi ọjọ́ tó bá gbé tọkọtaya lọ sórí Òkè Ìdànrè.

Tó o bá rí àmì, má yára sá. Eruku ọyẹ́ ò mọ kámẹ́rà olówó. Kí wọ́n fi rọ́bà afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ (kì í ṣe ẹnu o, itọ́!). Èyí tí kò bá lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òróró. Kí wọ́n nù ún dáadáa, kó o ya bíi 300, kó o tún wò ó. Bí àmì tuntun bá yọ, dá a padà fún un.

Wo iye fọ́tò tí ṣọ́tà ti yà pẹ̀lú. Wọ́n dán ti Nikon méjèèjì wò dé 150,000, ti 6D dé 100,000. Ẹni tó ń ya 1,500 ní gbogbo Sátidé ti ya 78,000 lọ́dún kan.

Ìbéèrè: 6D ńkọ́?

Ìdáhùn: Kámẹ́rà gidi ni, ó sì ń ríran nínú òkùnkùn. Àmọ́ ojú ibi tí a ń ki káàdì tó ń tọ́jú fọ́tò sí, ẹyọ kan péré ló ní. Nikon méjèèjì ní méjì, bí káàdì kan bá kú, èkejì lè gbà ọ́ là. Káàdì kú mọ́ mi lọ́wọ́ rí níbi ìgbéyàwó kan ní Òǹdó, ìyá ìyàwó ò tíì dá mi lóhùn kíkí títí dòní. D600 tó yege ni mo máa rà. Bó bá jẹ́ pé o ti ní lẹ́ńsì Canon nílé ńkọ́? Mú 6D, kó o máa pààrọ̀ káàdì kó o tó kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì.