Gbèsè káàpù kì í bá ọ̀gá lọ sílé

Wọ́n tún sọ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé níbi tí mo ti ń gẹrun, pé irọ́ ni káàpù, ìyẹn ààlà owó tí wọ́n fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà láti ná. Ọkùnrin kan tó ń dúró de àyè, fìlà Steelers ti Pittsburgh lórí, ló là á mọ́lẹ̀ fún gbogbo wa pé, "Káàpù wo? Irọ́ gbuu ni. Ṣebí mílíọ̀nù dọ́là kan ó lé díẹ̀ la fi mú Russell Wilson." Kọ́tàbáàkì ni Wilson, ẹni tó ń darí eré tó sì ń ju bọ́ọ̀lù. Onígbàjámọ̀ wa, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti lé ní ogún ọdún ní Maryland níbí ní Amẹ́ríkà, ń mi orí bí ẹni pé ìwàásù ló ń gbọ́. Ó ṣe mí bíi kí n dá a lóhùn, àmọ́ abẹ wà ní ìpàkọ́ mi. Mo dákẹ́.

Mo délé, inú ṣì ń bí mi. Kì í ṣe tìtorí ọkùnrin yẹn nìkan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn wa tó ń wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ láti òde ìnáwó títí dé ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ náà tiẹ̀ tún ti bímọ. Ọmọ tó bí ni pé, "Kí wọ́n ṣáà lé GM yẹn dànù, ẹni tuntun á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun." (GM ni ọ̀gá tó ń kó agbábọ́ọ̀lù jọ fún ẹgbẹ́.) Ọmọ yìí burú ju ìyá ẹ̀ lọ.

Fún ẹni tó jẹ́ pé Arsenal àti Chelsea ló mọ̀: nínú NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ 32 ló wà, iye kan náà sì ni wọ́n fún gbogbo wọn láti ná lórí agbábọ́ọ̀lù lọ́dọọdún. Iye yẹn là ń pè ní káàpù. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1994, 34.6 mílíọ̀nù dọ́là ni. Lọ́dún 2025 ó di 279.2 mílíọ̀nù. Kódà bí ẹni tó ni ẹgbẹ́ bá lówó ju Dangote lọ, kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Pé káàpù wà, mi ò ní fi àkókò ẹnikẹ́ni ṣòfò lórí ìyẹn. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó bi àwọn àgbà tó ń tẹ̀lé Ravens, ẹgbẹ́ Baltimore ní Maryland níbí, ohun tí ojú wọn rí. Wọ́n gba Super Bowl, àṣekágbá NFL, ní January 2001. Nígbà tó fi máa di 2002, Rod Woodson ti lọ, Shannon Sharpe ti lọ, Sam Adams ti lọ, ẹgbẹ́ tuntun ní Houston sì ti kó Jamie Sharper àti Jermaine Lewis. Eré méje ni wọ́n jẹ lọ́dún náà, wọ́n pàdánù mẹ́sàn-án. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ṣàdéédéé kórìíra àwọn ọmọ yẹn. Káàpù ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń lọ́ mọ́ àwọn èèyàn lẹ́sẹ̀ ni owó ìbuwọ́lùwé, ìyẹn owó tí agbábọ́ọ̀lù ń gbà torí pé ó fọwọ́ sí ìwé. Ẹ jẹ́ ká rọra tú u, torí bí èyí kò bá yéni, ìyókù kò lè yéni.

Ẹ jẹ́ ká mú agbábọ́ọ̀lù kan tí a kò dárúkọ. Owó iṣẹ́ ẹ̀ lọ́dún yìí jẹ́ 22 mílíọ̀nù dọ́là, gbogbo ẹ̀ ló sì wà nínú ìwé káàpù ọdún yìí. Ẹgbẹ́ ń wá àyè láti ra ẹlòmíì. Wọ́n pè é, wọ́n ní kó jẹ́ kí àwọn sọ 20 nínú owó náà di owó ìbuwọ́lùwé. Ọkùnrin náà á rẹ́rìn-ín, á tọwọ́ bọ̀wé. Kí ló dé tí kò ní rẹ́rìn-ín? Owó tí ì bá máa gbà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí bọ́ọ̀lù á fi kógbá wọlé, wọ́n fẹ́ sáré kó o fún un báyìí. Kọ́bọ̀ kan kò dín níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara mi fi máa ń gbọ̀n bí mo bá gbọ́ pé "ó gba àdínkù nítorí ìfẹ́ ẹgbẹ́." Àdínkù wo?

Owó ti kúrò lápò ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n òfin gbà kí ìwé káàpù pín in sí ọdún, kó má ṣáà ti ju márùn-ún lọ. 20 sí ọ̀nà márùn-ún, mẹ́rin-mẹ́rin. Fún ọdún yìí, 2 tó ṣẹ́kù nínú owó iṣẹ́ ẹ̀, pẹ̀lú 4, ó di 6. Àyè 16 mílíọ̀nù ti yọ gbọọrọ. Àwọn oníròyìn á gbé e jáde pé ẹgbẹ́ ti rí 16 mílíọ̀nù. Mẹ́rin-mẹ́rin tó dúró sí ọdún mẹ́rin tó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni kì í gbé ìyẹn jáde. Bí àdéhùn ọkùnrin náà kò bá sì tó ọdún márùn-ún, wọ́n á so ọdún òfìfo mọ́ ìdí ẹ̀, ọdún tí gbogbo ayé mọ̀ pé kò ní gbá bọ́ọ̀lù kankan nínú ẹ̀. Iṣẹ́ ọdún òfìfo kò ju pé kó gba ẹrù dúró.

Ẹ wá wò ó. Ọdún méjì kọjá, orúnkún ọkùnrin yìí kò gbé e mọ́, wọ́n ní kó máa lọ. Mẹ́jọ ti wọlé sínú ìwé, 12 ló kù. 12 náà á já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sínú ọdún tí wọ́n lé e. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ kìíní oṣù June ni wọ́n jẹ́ kó lọ, mẹ́rin á já sí ọdún yẹn, mẹ́jọ á dúró de ọdún kejì. Èyí ni wọ́n ń pè ní owó òkú. Àwọn kan gbà pé owó òkú ni owó tí ẹgbẹ́ ṣì jẹ agbábọ́ọ̀lù. Rárá o. Ó ti gba tiẹ̀ tipẹ́, ó ti fi kọ́lé. Ìwé ni kò tíì gba tiẹ̀.

Ó ku ibi kan tí owó gidi ti lè wà nínú ẹ̀: bí wọ́n bá ti fọwọ́ sọ̀yà pé owó iṣẹ́ ọdún kan dájú, tí wọ́n sì lé ọkùnrin náà kí ọdún yẹn tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀ràn Wilson tí onífìlà mi ń fi yangàn nìyẹn gan-an. Lọ́dún 2022, Broncos ti Denver so ọdún márùn-ún àti 242.6 mílíọ̀nù dọ́là mọ́ àdéhùn ẹ̀. Ní March 2024 wọ́n ní kó máa lọ. Owó òkú tó fi sílẹ̀ jẹ́ 85 mílíọ̀nù, kò tíì sí irú ẹ̀ rí nígbà náà: 53 fún 2024, 32 fún 2025. Nínú ẹ̀, 39 mílíọ̀nù owó iṣẹ́ ọdún 2024 ti dájú fún un, ẹgbẹ́ yòówù kó gbà á. Ló bá di pé Steelers san iye tó kéré jù tí òfin gbà, 1.21 mílíọ̀nù, Denver san ìyókù. Ìkòkò ẹlòmíì ni Steelers ti bu ọbẹ̀, ni wọ́n bá ń sọ pé ẹran kì í ṣe owó.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tó burú ju ìyá ẹ̀ ló kù. GM tuntun dé, ó jókòó sí àga, ó ṣí ìwé: 12 mílíọ̀nù ọkùnrin tí orúnkún ẹ̀ bàjẹ́ wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ló mú un wá. Ẹgbẹ́ ló ni gbèsè. Bí a bá lé ẹni tó jẹ ẹ́, ohun tí a lé lọ ni ẹni tó mọ ìdí tí a fi jẹ ẹ́.

Ẹ wo Steelers fúnra wọn. Kevin Colbert ti ń darí ibẹ̀ láti 2000. Lẹ́yìn dírààfù 2022, níbi tí ẹgbẹ́ ti ń yan àwọn ọmọ tuntun, ó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì fi Omar Khan sípò ẹ̀. Láti 2001 ni Khan ti wà níbẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ sì ni àdéhùn àti ìwé káàpù. Lọ́dún tó gorí àga, owó òkú Ben Roethlisberger tó lé ní 10 mílíọ̀nù wà nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ Ben ti fẹ̀yìn tì ní January. Lọ́dún 2021, Ben gba àdínkù gidi, mílíọ̀nù márùn-ún (ó máa ń ṣẹlẹ̀, mi ò ní kò ṣẹlẹ̀ rí), ṣùgbọ́n ọdún òfìfo ni wọ́n kó èyí tó kù lé lórí. Ẹrù yẹn kò ya Khan lẹ́nu. Ọ́fíìsì tiẹ̀ ni wọ́n ti dì í.

Packers ti Green Bay ṣe é lọ́nà mìíràn ní January 2018. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé Russ Ball, ọkùnrin tó ń ṣírò owó wọn, ló máa gbapò Ted Thompson. Brian Gutekunst, ẹni tó ń wá agbábọ́ọ̀lù kiri, ni wọ́n fún. Ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí Ball lọ, wọ́n gbé e ga sí i níbẹ̀. Ti Ravens ló wù mí jù, mi ò sì ní purọ́ pé ibi tí mo ń gbé kò lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018 ni wọ́n ti kéde pé Eric DeCosta máa gbapò Ozzie Newsome ní 2019. Odidi ọdún kan ni wọ́n fi gbé iṣẹ́ fúnra wọn, Newsome sì tún dúró nítòsí.

Mo mọ ohun tí àwọn onírọ́-ni-káàpù máa sọ, ẹ̀rí wọn kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Denver tó ru 53 mílíọ̀nù owó òkú lọ́dún 2024 jẹ eré mẹ́wàá, wọ́n sì wọ playoffs, ìdíje àwọn tó yege lẹ́yìn sáà. Eagles ti Philadelphia, tí kò sí ẹni tó fẹ́ràn ọdún òfìfo tó wọn, na Chiefs 40 sí 22 nínú Super Bowl ní February 2025. Howie Roseman tó ń darí wọn, ìdí ìwé káàpù lòun náà ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 2000. Wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́dún 2015, kò pẹ́ tí wọ́n tún pè é padà.

Kí ni mo fẹ́ sọ sí ìyẹn? Ti Denver, Bo Nix ló gbé wọn ró. Ọmọ tuntun láti inú dírààfù ni, owó ẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Wilson. Ká ní kọ́tàbáàkì olówó ńlá mìíràn ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀ ni, bóyá ìtàn ì bá yàtọ̀. Bóyá. Ti Eagles, ó jọ pé ọmọ tí ara ẹ̀ ṣì le ni wọ́n ń ti owó ẹ̀ síwájú, kì í ṣe arúgbó. Ṣùgbọ́n Eagles náà ru 33.8 mílíọ̀nù owó òkú Carson Wentz lọ́dún 2021, wọ́n sì ṣì wọ playoffs. Nítorí náà, mi ò ní sọ pé ẹni tó bá ti owó síwájú á ṣubú dandan.

Saints ti New Orleans ló ń jẹ́ kí n máa ṣọ́ra. Mickey Loomis ti jẹ́ GM níbẹ̀ láti 2002, kò sí ẹni tó mọ títì síwájú tó wọn. Ohun tí gbogbo ẹni tó ń ti owó síwájú gbẹ́kẹ̀ lé ni pé káàpù á máa ga sí i. Lọ́dún 2021 kò ga. Kòrónà ti lé èrò kúrò ní pápá, káàpù já láti 198.2 sí 182.5 mílíọ̀nù, Saints sì ti fi nǹkan bí 100 mílíọ̀nù kọjá ààlà. Wọ́n bọ́ nínú ẹ̀, mo fún wọn. Àmọ́ Drew Brees fẹ̀yìn tì ní March ọdún yẹn, owó òkú tiẹ̀ nìkan sì lé ní 22 mílíọ̀nù fún ọdún méjì. Sean Payton fiṣẹ́ sílẹ̀ ní January 2022. Láti 2021 títí dé 2024, wọn kò rí playoffs sójú. Ṣé káàpù ló fà á, àbí àìsí Brees, àbí àìsí Payton? Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ́ mọ́ra wọn débi pé ẹni tó bá yọ ọ̀kan sọ́tọ̀ ń tàn yín ni.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ń gbá bọ́ọ̀lù yìí, ẹ ṣọ́ra fún iye tí wọ́n ń kọ gàdàgbà sójú ìwé ìròyìn. Bí wọ́n bá ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù, èyí tó dájú níbẹ̀ ni kí ẹ bèèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ra aṣọ ẹbí. Ti ọmọ tuntun tiẹ̀ ti ní ààlà: Olumuyiwa Fashanu tí Jets mú ní ipò 11 lọ́dún 2024, ipò yẹn ló ti sọ iye tí wọ́n máa san, ọdún mẹ́rin, ẹgbẹ́ sì lè fi ìkarùn-ún kún un bó bá wù wọ́n. Kò sí àrà tí aṣojú agbábọ́ọ̀lù kan lè fi dá a sí ìlọ́po méjì.

Ẹ̀yin tó ń ta tẹ́tẹ́, ẹ má fi tábìlì tó ń ka àyè káàpù ta á. Kí n tó dìde lórí àga onígbàjámọ̀, ọkùnrin onífìlà yẹn jẹ́wọ́ pé òun fi owó sórí Saints lọ́dún 2024, torí pé "Loomis mọ bó ṣe máa ń ṣe é." Lóòótọ́, Loomis mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n ti wọ abẹ́ káàpù ní March, wọ́n sì pàdánù eré méjìlá nínú mẹ́tàdínlógún.