Mímú ọkàn wá sí ìsinsìnyí nígbà tí àníyàn bá dé

Àníyàn kì í sábà dá lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ló máa ń dá lé: èsì àyẹ̀wò tó ń bọ̀ lọ́la, ìpàdé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọmọ tí a pè tí kò gbé fóònù. Bí kì í bá ṣe ọ̀la, á jẹ́ àná, ọ̀rọ̀ kan tí a ti sọ, tí a wá ń rò ó bóyá ó dun ẹni tí a sọ ọ́ fún. Èèyàn lè jókòó jẹ́ẹ́ sórí àga, kí ohunkóhun má ṣe é, síbẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ ti wà níbi tí wọ́n ti ń lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ara kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín ewu tó wà lẹ́nu ọ̀nà àti ewu tí a kàn rò. Apá kékeré kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní amygdala, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tètè ta ara lólobó. Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, èròjà adrenaline á tú sínú ẹ̀jẹ̀, àyà á máa lù kìkì, èémí á yára, iṣan á le, àtẹ́lẹwọ́ á máa làágùn. Bí ewu bá wà lóòótọ́, ìmúrasílẹ̀ yìí wúlò, òun ló ń jẹ́ kéèyàn lè sá tàbí kó jà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé èrò lásán náà lè fa gbogbo rẹ̀. Ẹni náà á wá gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù, á ní, “Ó dà bíi pé nǹkan kan ń ṣe mí,” ẹ̀rù á tún gbòòrò, àyà á tún lù sí i.

Ohun tí mímú ọkàn wá sí ìsinsìnyí túmọ̀ sí ni pé kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ fi àkíyèsí sí ohun tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí, ohun tí ojú ń rí, tí etí ń gbọ́, tí ara ń mọ̀, láì máa dá a lẹ́jọ́ pé ó dáa tàbí kò dáa. Mindfulness lorúkọ tó ń jẹ́ lẹ́nu àwọn oníṣègùn. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ló ti ṣẹ̀ wá, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Ní 1979, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tó ń jẹ́ Jon Kabat-Zinn gbé e wọ ilé ìwòsàn Yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ó yọ ti ẹ̀sìn kúrò nínú rẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ 8. Nítorí náà, ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé òun fẹ́ lọ bọ òrìṣà ẹlòmíì, kó fọkàn balẹ̀.

Kí ló dé tó fi ń ṣiṣẹ́? Àkíyèsí èèyàn ní ìwọ̀n, kò lè gba ohun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ń wo gbogbo ohun tó ní àwọ̀ búlúù nínú yàrá, tó ń wò ó dáadáa, àyè díẹ̀ ló kù lọ́kàn rẹ̀ fún “bó bá wá lọ ṣẹlẹ̀ ńkọ́?” Èémí náà ní ipa tirẹ̀: bí mímí síta bá pẹ́ ju mímí sínú lọ, iṣan ìmọ̀lára kan tí wọ́n ń pè ní vagus á mú kí lílù àyà rọlẹ̀. Kíka 4 bí a ṣe ń mí sínú, ká ka 6 bí a ṣe ń mí síta, tó.

Ọ̀nà tí àwọn èèyàn mọ̀ jù láti ṣe é ni ti 5-4-3-2-1. Wá ohun 5 tí o rí, 4 tí o lè fọwọ́ kàn, 3 tí o gbọ́, 2 tí o gbóòórùn, àti 1 tí o tọ́ wò. Lójú tèmi, iye náà kò ṣe pàtàkì tó bí àwọn kan ṣe rò. Ẹni tó kàn sáré ka “àga, ògiri, ilẹ̀kùn” kò tíì ṣe nǹkan kan, ọkàn rẹ̀ lè máa rìn lọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń kà. Àga wo? Ẹsẹ̀ àga náà wo ló ti bó? Ṣé ó tutù lọ́wọ́ àbí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́? Inú ìbéèrè kéékèèké wọ̀nyẹn ni iṣẹ́ wà.

Ọ̀pọ̀ máa ń gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, ọkàn wọn á ṣáko lọ, wọ́n á ní àwọn ò lè ṣe é. Ọkàn gbọ́dọ̀ ṣáko lọ ni. Nínú ìwádìí tí Matthew Killingsworth àti Daniel Gilbert ti Yunifásítì Harvard gbé jáde ní 2010, wọ́n ń fi fóònù béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn 2,250 ohun tí wọ́n ń ṣe àti ohun tí wọ́n ń rò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 47 nínú 100 ìgbà tí ọkàn kò sí lára ohun tí ọwọ́ ń ṣe, inú wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dùn nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Dídá ọkàn padà gan-an ni ìdánrawò náà. Ọmọ tó bá ń rá kúrò lórí ẹní, ńṣe ni ìyá rẹ̀ máa ń gbé e padà, kì í nà án.

Àṣìlò kan tún wà tí kò hàn síta: kéèyàn máa fi ṣe ohun tí yóò lé àníyàn lọ, kó wá máa wò ó ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú bóyá ó ti lọ. Àníyàn mìíràn nìyẹn. Ó lè kù síbẹ̀, kó kàn má gba gbogbo àyè mọ́, kí o sì lè máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tó nílò ìgbésẹ̀ ni, bíi gbèsè tí ọjọ́ rẹ̀ ti pé, ìgbésẹ̀ yẹn ni kí o gbé.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èémí o. Ẹni tó jẹ́ pé èémí tàbí lílù àyà ló ń já a láyà, bó bá tún lọ tẹjú mọ́ ọn, ó lè burú sí i. Ohun tó wà níta ara ló dáa fún irú ẹni bẹ́ẹ̀: ìró, àwọ̀, ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ohun búburú ti ṣẹlẹ̀ sí rí; kò pọn dandan kó di ojú.

Ní 2022, ìwádìí kan tí Elizabeth Hoge ti Yunifásítì Georgetown ṣáájú rẹ̀ fi ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ 8 yẹn wé escitalopram, oògùn kan tí àwọn dókítà máa ń kọ fún àníyàn, láàárín àwọn èèyàn 276 tí wọ́n ní àìsàn àníyàn. Ẹ̀kọ́ náà kò rẹlẹ̀ sí oògùn. Ṣùgbọ́n kíláàsì ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń lọ, pẹ̀lú ìdánrawò bí ìṣẹ́jú 45 nílé lójoojúmọ́. Èémí mẹ́ta nínú ọkọ̀ kọ́ ni wọ́n fi wé oògùn. Ẹni tó ti ń lo oògùn, kó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀. Dókítà tó kọ ọ́ fún un ni kó bá sọ ọ́, pàápàá bí àníyàn náà bá ti ń dí oorun tàbí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́.