Ibi Tí Iná Ti Já: Bí Ẹ́ńjìnnì Rélùwéè Kékeré Àtijọ́ Ṣe Ń Jí

Kò sí ojú irin ní Kàbà, kò sí ní Ìsánlú, kò sí ní Mọ̀pá. Ẹni tó bá fẹ́ wọ rélùwéè láti ilẹ̀ Okun yóò forí lé Itakpe, níbi tí ọkọ̀ Warri ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2020, tàbí kó kọjú sí Ọ̀fà, níbi tí irin àtijọ́ gbà kọjá. Ti rélùwéè kékeré tí wọ́n fi ń ṣeré yàtọ̀. Inú páálí ló ń gbé, ó sì lè bá ẹrù àwọn tó ti London bọ̀ dé ilé ẹnikẹ́ni. Bó bá ti lo bí ọgọ́ta ọdún, wọ́n á gbé e sórí irin, á dákẹ́, wọ́n á ní mọ́tò rẹ̀ ti jó. Lọ́pọ̀ ìgbà, mọ́tò kò jó. Iná ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Irú tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú èyí tó ti Ìlú Ọba wá ni OO. Ó jẹ́ bí ìdá kan nínú 76 ọkọ̀ gidi, mílímítà 16.5 ló sì wà láàárín irin méjèèjì. Iná DC, irú ti bátìrì, volt 12 ló ń lò. Irin kan gbé pósítíìfù, ìkejì gbé nẹ́gẹ́tíìfù. Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì ló ń gba iná lórí irin. Ẹsẹ̀ apá kan sábà máa ń kó tirẹ̀ fún irin abẹ́ ọkọ̀ tààrà, ti apá kejì á gba orí bàbà tínínrín kan tó ń fara kan ẹ̀yìn ẹsẹ̀. Láti ibẹ̀, iná dé ojú kábọ́ọ̀nù méjì, irú kábọ́ọ̀nù tó wà nínú bíléńdà. Kábọ́ọ̀nù tẹ orí bàbà roboto tí a là sí mẹ́ta, bàbà náà gbé iná fún kọ́ìlì, kọ́ìlì ń yí láàárín òòfà. Ọ̀pá tó ní ìlà bíi ti sukúrúù wà lẹ́nu mọ́tò, òun ló ń wa jíà tó wà lára ẹsẹ̀. Bí a bá fi pósítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù pààrọ̀ ara wọn, ẹ́ńjìnnì á fà sẹ́yìn.

Olórí ọgbọ́n àtúnṣe ni kí a mọ ibi tí iná ti já lójú ọ̀nà yìí kí a tó tú ohunkóhun.

Ilé tó ní bátìrì sólà volt 12 ti ní ìdajì irinṣẹ́. Bátìrì ọ̀kadà volt 12 náà tó. Àmọ́ bátìrì kì í ṣe ohun eré: bí wáyà bá kan wáyà, áńpù tó máa tú jáde á sun kọ́ìlì tínínrín yẹn kí ọwọ́ tó dé ibi tí a ti ń pa á. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a ti gílóòbù bíréèkì ọ̀kadà, oníwáàtì 21, bọ àárín wáyà kan, kí iná gba inú rẹ̀ kọjá kó tó dé ẹ́ńjìnnì. Bí gílóòbù bá tàn yòò, nǹkan kan ti kan ohun tí kò yẹ kó kàn. Bó bá ń tàn bàìbàì tí mọ́tò sì ń yí, kò sí wàhálà. Bí gílóòbù kò bá tàn rárá, tí mọ́tò kò sì mira, iná ti já. Nígbà náà, a ó gbé ẹnu wáyà kúrò lára ẹsẹ̀, a ó fi kan ibi tí kábọ́ọ̀nù wà. Bí mọ́tò bá yí níbẹ̀, ara rẹ̀ le, ọ̀nà tí iná gbà ló dí.

Ṣùgbọ́n kí a tó fi iná kàn án, kí a wo irú ẹni tó jẹ́. Hornby Dublo, tí Meccano ti Liverpool gbé jáde ní 1938, orí irin mẹ́ta ló ń sá títí di 1959 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe onírin méjì. Irin àárín ló ń gbé iná wá fún un, ẹsẹ̀ ọ̀tún àti tòsì ló ń dá a padà. Bí a bá gbé e sórí irin méjì, kò ní lọ, iná á kan ara wọn ni. Lionel ti Amẹ́ríkà àti Märklin ti Jámánì, iná AC, irú ti NEPA tó ń yí síwá sẹ́yìn, ni àwọn àtijọ́ wọn ń lò. Bí a bá sì fún mọ́tò olóòfà ti OO ní AC, yóò máa kùn, yóò gbóná, òòfà rẹ̀ á sì lè rẹ̀.

Ọ̀nà tó dí, ìdọ̀tí ló sábà ń dí i. Epo àtijọ́ ti gan mọ́ ẹsẹ̀, eruku ọyẹ́ bò ó, ìyókù ti di dúdú. Sípíríìtì láti kẹ́míìsì àti aṣọ funfun tó fún ẹsẹ̀ àti irin, ṣùgbọ́n kó má kan ọ̀dà. Ẹni tó bá mú sáńpépà, ìlà tó fi síbẹ̀ ni ìdọ̀tí tuntun á máa gbé. Kàn-ìn-kàn-ìn onírin sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí òòfà á fa ẹ̀rún rẹ̀ wọnú mọ́tò, kò sì ní jáde mọ́.

Ojú bàbà roboto, sípíríìtì náà ni, lẹ́yìn náà a ó fi igi ìtayín yọ ohun tó há sáàárín ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdọ̀tí kábọ́ọ̀nù tó dì síbẹ̀ ń so apá kan pọ̀ mọ́ èkejì. Nínú mọ́tò Tri-ang, ilé iṣẹ́ Ìlú Ọba mìíràn tó ń ṣe OO, ìsípíríǹgì kan ṣoṣo ló ń ti kábọ́ọ̀nù méjèèjì, ẹnu rẹ̀ kan sì wọ ike kékeré kí ó má baà kan ara irin. Ike yẹn rọrùn láti sọnù nígbà tí a bá ń tú u, bó bá sì sọnù, gílóòbù á tàn yòò. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti sọ nù ti kú.

Bí kọ́ìlì bá jẹ́ ẹni ìfura, mítà tí àwọn atúnfóònùṣe ń lò ni a ó fi wọ̀n ọ́n. A ó gbé ẹnu mítà sórí apá méjì méjì bàbà náà, ìgbà mẹ́ta, nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bára mu. Láàárín apá èyíkéyìí àti ọ̀pá mọ́tò, kò yẹ kí iná kọjá. Bí nọ́ńbà kan bá yapa, wáyà ti já tàbí ó ti jó. Ẹni tó ń wé kọ́ìlì fáànù lè wé e, bí ojú rẹ̀ bá ṣì lè rí wáyà tó tínínrín tó bẹ́ẹ̀.

Òòfà ni kò yẹ kí a máa tú kiri. Ti àtijọ́, pàápàá ti Dublo, a máa rẹ̀ bí a bá fa kọ́ìlì kúrò láàárín rẹ̀ láìfi irin dí àlàfo náà. Mọ́tò tí òòfà rẹ̀ ti rẹ̀ á sáré bí ẹhànnà nígbà tí kò gbé ẹrù, á gbóná, bí a bá sì so kẹ́rẹ́ù méjì, ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, mọ́ ọn, kò ní lè fà á. A lè fi agbára sí òòfà náà lára ẹ̀rọ tó wà fún un, tàbí kí a fi òòfà neodymium kékeré rọ́pò.

Ti epo kò gùn: ẹ̀kán epo maṣín ìránṣọ kan lẹ́nu ọ̀pá, kó má kan kábọ́ọ̀nù. Ẹsẹ̀ tó ní ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́, bíi ti ọkọ̀ rélùwéè àtijọ́ tó ń lo ooru omi, gba àkíyèsí. Ibi tí ọ̀pá gbà wọ ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì gbọ́dọ̀ fi ìdá mẹ́rin òbìrí yàtọ̀ síra. Bí ẹsẹ̀ kan bá yẹ̀ lórí igun yìí, ẹ́ńjìnnì á máa há lẹ́ẹ̀kan nínú gbogbo yíyí kan, ẹni tó ń tún un ṣe á sì máa bá mọ́tò jà láìnídìí.

Àwọn àrùn kan wà tí kò ní òògùn. Irin síńkì tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ òjé láìmọ̀ kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé máa ń wú, á sán, á sì wó sọ́wọ́. Ẹni tó bá rí i, rírọ́pò nìkan ló kù. Ara ike ìbẹ̀rẹ̀ ti Rovex, ilé iṣẹ́ tó padà di ti Tri-ang, láti 1950, á máa lọ́, kò sì yẹ kí a fi omi gbígbóná nà án. Ọ̀dà rẹ̀ ní tirẹ̀, kí a fi sílẹ̀. Ọ̀dà àtijọ́ tó ti ha díẹ̀ níyì ju tuntun tó ń dán lọ, bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ ní i lọ́kàn láti tà á.

Lẹ́yìn tí a bá tò ó padà, kó sá láìgbé ẹrù, síwájú bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ náà, kí kábọ́ọ̀nù tuntun jókòó dáadáa. Lójú àkókò yìí, ìka lórí mọ́tò sàn ju mítà lọ: bó bá gbóná ju ohun tí ọwọ́ lè gbà lọ, kí a pa á, kí a padà lọ wo òòfà àti ìsípíríǹgì kí ó tó gbé kẹ́rẹ́ù kankan.