Bí Iṣẹ́ Tíátà Ṣe Di Iṣẹ́ Obìnrin Nílẹ̀ Yorùbá

Ó pẹ́ tí ohùn obìnrin ti wà nínú eré Yorùbá kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtisanwó fún un. Nínú eré Alárìnjó, tí ó jáde láti inú egúngún, ọkùnrin ló ń gbé agọ̀, ọkùnrin náà ló sì ń ṣe bí obìnrin bí eré bá béèrè bẹ́ẹ̀; ègbè orin ni ti àwọn obìnrin ilé. Nínú eré àwọn ìjọ Aládùúrà, obìnrin ń kọrin, ó sì ń kópa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Olúwa ni wọ́n kà á sí, kò sí owó níbẹ̀.

Eré ìjọ bẹ́ẹ̀ ni Hubert Ògúndé, tí ó ṣì jẹ́ ọlọ́pàá nígbà náà, fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó gbé ìtàn ọgbà Édẹ́nì jáde ní gbọ̀ngàn Glover l'Ékòó ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1944. Nígbà tí ó fẹ́ fi eré ṣe iṣẹ́ òòjọ́, tí ó sì dá ẹgbẹ́ African Music Research Party sílẹ̀, àwọn akọrin ìjọ kò tó mọ́. Ó nílò obìnrin tí yóò máa bá ẹgbẹ́ rin ìrìn àjò láti ìlú dé ìlú. Ó kéde pé òun ń wá òṣèré obìnrin, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ ẹ lóhùn. Òbí wo ni yóò rán ọmọ rẹ̀ lọ sí iléèwé tán, tí yóò tún fà á lé àwọn tí ará ìlú ń pè ní alágbe lọ́wọ́? Ògúndé pààrọ̀ ìkéde náà, ó ní akọ̀wé obìnrin ni òun ń wá, àwọn ọ̀dọ́bìnrin sì wá. Ẹ̀tàn ni, bí a kò bá ní bo òótọ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀. Nínú eré tí ó gbé jáde ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 1946, wọ́n polówó àwọn obìnrin gẹ́gẹ́ bí òṣèré tí ń ṣe é fún owó.

Àwọn òbí kò tìtorí èyí gbà, ọkọ àfẹ́sọ́nà náà kò sì gbà. Bí ọmọbìnrin bá ti mọ eré tán, ilé ọkọ ló ń gbà lọ. Ògúndé bá kúkú ń fi àwọn òṣèré rẹ̀ ṣe aya. Ẹgbẹ́ di agboolé, agboolé sì di ẹgbẹ́, àwọn aya wọ̀nyí sì ń jó, wọ́n ń kọrin, wọ́n tún ń fọn sasofóònù.

Clementina Oguntimirin, tí gbogbo ènìyàn wá mọ̀ sí Adéṣẹwà Ògúndé, ló ṣíwájú wọn. Ní ọdún 1947, òun àti Ògúndé jọ lọ sí London, níbi tí wọ́n ti kọ́ ijó òyìnbó, lẹ́yìn náà ó sì di olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́. Ẹnu iṣẹ́ náà ló wà dópin: ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1970, ọ̀nà Iléṣà ni jàm̀bá ọkọ̀ ti pa á, nígbà tí ó ń lọ ṣeré.

Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tẹ̀ lé ọ̀nà yìí. Abíọ́dún, aya Dúró Ládípọ̀, ló ṣe Ọya nínú eré Ṣàngó tí ẹgbẹ́ wọn gbé lọ sí Berlin ní ọdún 1964. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ní ọdún 1978, kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.