Ọdún mélòó ni wọ́n ń dá fún ayédèrú dókítà?

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọkùnrin kan wà nítòsí Tákìé níbí l'Ógbòmọ̀ṣọ́ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní "Dókítà". Màmá mi kì í gbé wa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. "Ọwọ́ ẹ̀ rọ̀ lábẹ́rẹ́," ni wọ́n máa ń wí. Orí sítóòfù ló ti ń se abẹ́rẹ́ náà nínú ìkòkò kékeré kan, a ó sì jókòó síta, a ó máa gbọ́ bó ṣe ń lu ara ìkòkò kó tó pè wá wọlé. Kò sẹ́ni tó béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹ̀ rí.

Ìwé yẹn gan-an lòfin kọ́kọ́ ń béèrè. Lójú òfin, ayédèrú dókítà kì í ṣe ẹni tí kò mọṣẹ́. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ kò sí nínú ìwé MDCN ni, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ dókítà àti dókítà eyín sílẹ̀ ní Nàìjíríà, síbẹ̀ tó ń gbowó ìtọ́jú bíi dókítà. Ìdí nìyí tí "mo ti wo ọ̀pọ̀ èèyàn sàn" kì í fi í gba èèyàn sílẹ̀ ní kóòtù.

Bí dókítà tó nìwé bá ṣe ohun tí kò tọ́ nídìí iṣẹ́, MDCN ní ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ tiẹ̀, tí agbára ẹ̀ tó ti ilé ẹjọ́ gíga, tó sì lè yọ orúkọ onítọ̀hún kúrò. Ti ayédèrú kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ wo ni wọ́n fẹ́ yọ? Ọlọ́pàá ló máa wọ́ ọ lọ sí kóòtù, ẹ̀sùn kì í sì í sábà jẹ́ ẹyọ kan. Nínú Criminal Code, ìyẹn ìwé òfin tó dá lórí ìwà ọ̀daràn, ẹni tó bá ṣe ayédèrú sátífíkéètì lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 3 jura. Ẹni tó fi orúkọ dókítà gidi lu jìbìtì náà, ọdún 3. Ìtọ́jú àìbìkítà tó lè gbẹ̀mí èèyàn, ọdún 1. Bí aláìsàn bá wá kú, ọ̀rọ̀ lè di ìpànìyàn láìròtẹ́lẹ̀, ẹ̀wọ̀n gbére sì wà níbẹ̀.

Òkè téńté làwọn ọdún yìí o. Adájọ́ lè dá èyí tó kéré sí i. Lẹ́yìn tó bá ti ní ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn jẹ̀bi, á bi í bóyá ó ní ọ̀rọ̀ sọ. Alókútọ́ọ̀sì làwọn lọ́yà ń pe èyí. Ibẹ̀ lẹ ó ti gbọ́ pé ìyàwó wà nílé, ọmọ kéré, kò ṣẹ irú ẹ̀ rí. Adájọ́ á gbé e wò mọ́ ohun tójú aláìsàn rí.

Ibi tó ń da àwọn èèyàn láàmú nìyí. Ká ní ó jẹ̀bi ẹ̀sùn mẹ́ta, tí wọ́n dá ọdún 3, 3 àti 1 fún un, tí adájọ́ sì ní kí wọ́n máa rìn pọ̀, ìyẹn ni pé ọjọ́ kan náà ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo wọn. Ọdún 7 ni wọ́n máa pariwo ẹ̀ ní ọjà Wàsò. Ọdún 3 péré ló máa lò. Bí wọ́n bá pàdé ẹ̀ ní Sábó lẹ́yìn náà, wọ́n á ní ó ti fowó dí ẹnìkan lẹ́nu. Kò fowó dí ẹnikẹ́ni lẹ́nu, bí wọ́n ṣe kà á fún un nìyẹn.

Èyí tí èmi ò fara mọ́ ni kí adájọ́ fi "tàbí kó san owó ìtanràn" kún ìdájọ́. Àwọn ẹbí á dáwó síbẹ̀, á sì dé ilé kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.