Ọbabìnrin lọ, ààrẹ dé: kí ló yí padà ní Nàìjíríà lọ́dún 1963?

Ṣebí ọdún 1960 la gba òmìnira. Ta tún ni olórí wa títí di 1963?

Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ni. Òmìnira ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1960 gba ìjọba lọ́wọ́ òyìnbó, ṣùgbọ́n kò mú adé wọn kúrò lórí wa. Gómìnà-jẹ́nẹ́rà ló ń ṣojú ọbabìnrin l'Ékòó. James Robertson ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, kí Nnamdi Azikiwe tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Àwọn ìyá wa tó ń tajà nígbà náà ń rí orí ọbabìnrin lára tọ́rọ́, sísì àti ṣílè. Àní rìpọ́blíìkì tí a dà, ìyẹn orílẹ̀-èdè tí kò sí lábẹ́ adé, kò lé owó yẹn lọ. Ó di 1973 tí náírà dé.

Kí ló wá yàtọ̀ nígbà tí a di rìpọ́blíìkì?

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1963, a kò sí lábẹ́ adé kankan mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò jáde nínú Kọ́mọ́nwẹ́lìtì. Azikiwe di ààrẹ. Ẹnikẹ́ni ò dìbò fún un: ìwé òfin fúnra rẹ̀ ló dárúkọ rẹ̀. Ẹni tí ìbá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni àwọn aṣòfin ilé méjèèjì ìbá jókòó pọ̀ yàn, fún ọdún márùn-ún.

Ti ẹjọ́ ló kan àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn jù. Lọ́dún 1962, Ọọ̀ni Adesoji Aderemi, tó jẹ́ gómìnà wa, yọ S. L. Akintola nípò pírémíà, ìyẹn olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, nítorí pé ọ̀pọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ò fẹ́ ẹ mọ́. Ó fi D. S. Adegbenro rọ́pò rẹ̀. Akintola ní ilé aṣòfin kò tíì dìbò lé òun lórí. Ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ Privy Council, ilé-ẹjọ́ òyìnbó ní London tí ẹjọ́ wa ń parí sí nígbà náà, wọ́n sì dá Adegbenro láre ní oṣù Karùn-ún ọdún 1963. Kí ni àwọn tó wà lórí àga nílé ṣe? Wọ́n tún òfin Ìwọ̀-Oòrùn ṣe, wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá, ìdájọ́ náà sì di òfo. Ìwà yẹn burú jọjọ. Nígbà tí rìpọ́blíìkì dé, ọ̀nà London dí pátápátá, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wa ni ẹjọ́ ń parí sí.

Ṣé agbára ààrẹ wá ju ti gómìnà-jẹ́nẹ́rà lọ?

Kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ, ibẹ̀ ló sì ti ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Tafawa Balewa, Alákòóso Àgbà, ló ń ṣe ìjọba.

Ìbò oṣù Kejìlá ọdún 1964 ló tú gbogbo rẹ̀ síta. UPGA, àjọṣe àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ta ko ẹgbẹ́ Balewa, ní àwọn ò bá wọn dì í, nítorí màgòmágó. Azikiwe kọ̀, kò pe Balewa pé kó wá gbé ìjọba kalẹ̀. Ìwé òfin sọ pé òun ni ọ̀gá àgbà ológun. Ṣùgbọ́n àwọn olórí ológun, títí kan Welby-Everard, òyìnbó tó ṣì ń darí àwọn ọmọ ogun, jẹ́ kó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Alákòóso Àgbà ni àṣẹ ti ń dé bá àwọn. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kìíní ọdún 1965, ó pe Balewa padà. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn gan-an ló hàn sí gbogbo ayé pé oyè lásán ni wọ́n fi jẹ ààrẹ.

Ìgbà wo ni ààrẹ wá di aláṣẹ?

Àwọn ológun gbàjọba ní oṣù Kìíní ọdún 1966, nígbà tí Azikiwe wà lókè òkun. Nwafor Orizu, tó ń dele dè é, ló kéde pé ìjọba ti bọ́ sọ́wọ́ Ironsi, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1979 ni Shehu Shagari di ààrẹ tí ará ìlú dìbò yàn tààrà, tó jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè àti olórí ìjọba lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé òfin tuntun yẹn kò tilẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún Alákòóso Àgbà rárá.